Ọjọ́ tí Alfa Wá Dán Ọmọ Kíláàsì Hassanat Wò

Ẹ ò rí nǹkan! Nínú gbogbo alfa tó wà ní Ìsọlọ̀, bàbá tó bí Hassanat gan-an ni wọ́n lọ pè wá yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ilé-ìwé kan ní Òkóta ni Hassanat ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Fóònù ló ń lò: á ké súrà sínú rẹ̀, á sọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá, á fi ránṣẹ́ sáwọn òbí lórí Wásáàpù kí ọmọ lè máa gbọ́ ọ nílé. Làwọn òbí kan bá fárígá, wọ́n ní eré lásán ni. Ọ̀gá ilé-ìwé ní ohun tí Alfa Àbdùlgàfár, bàbá Hassanat, bá ti sọ, abẹ gé e. Tó bá ní kò dáa, fóònù tán nìyẹn. Alfa tó jẹ́ pé wàláà, pátákó ìkéwú, ló fi ń kọ́ni nílé-kéú rẹ̀ ní Jákàńdè!

Nígbà tó dé kíláàsì, Alfa jókòó, kò tiẹ̀ wo ojú ọmọ rẹ̀. Ó pe Ameenat, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó mú Súrà Duhaa láti àárín, níbi tó ti kan ọmọ òrukàn, ó ní kó máa bá a lọ. Bí wọ́n ṣe ń dán ọmọ kéú wò nìyẹn.

Ameenat ò mọ ibi tó kàn. Hassanat mọ ohun tó fà á. Yéè, ẹ̀bi òun ni! Láti ìbẹ̀rẹ̀ lòun máa ń ké e sínú fóònù, òun ò kọ́ wọn láti àárín rí. Àwọn òbí tó wá wòran ti ń mirí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Alfa, ẹ jẹ́ kí n mú un látòkè." Ameenat bẹ̀rẹ̀, ó ké e jẹ́jẹ́ dé ibẹ̀, ó sì parí rẹ̀ láìṣì.

Alfa ò rẹ́rìn-ín. "Kí ló ń sọ níbẹ̀?"

"Pé ká má fìyà jẹ ọmọ tí bàbá ẹ̀ ti kú. Tẹ́lẹ̀, a kì í jẹ́ kí Ashraf tí ò ní bàbá bá wa ṣeré. Ìgbà tí Àǹtí fi ìtumọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ ni mo lọ pè é."

 Omi lé ròrò sójú Alfa.

"Àwọn ọmọ tèmi, ibi tó bá wù yín lẹ lè mú, wọ́n á ké e dópin. Ṣùgbọ́n kò tíì sí èyí tó torí ẹ̀ lọ pe ẹnì kankan." Ó kọjú sáwọn òbí. "Ṣé ẹ rí tíṣà yìí? Èmi ni mo bí i o!"

Orí Hassanat wú, inú rẹ̀ sì dùn. Alfa wá kọjú sí i.

"Màá máa wá kọ́ àwọn ọmọ ẹ bí wọ́n ṣe ń mú un láti àárín. Ìwọ náà, láti Sátidé, máa bọ̀ nílé-kéú, wá kọ́ tèmi ní ìtumọ̀. Mú fóònù ẹ dání."