Ewúrẹ́ Tó Fẹ́ Bá Ẹ̀gbọ́n Mi Dọ̀bálẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n rọ́ àlá tí mo lá mọ́jú òní fún yín, kí n tó gbàgbé ibi tó ti dùn. Orí ẹ̀gbọ́n mi, Akínkúnmi, ni àlá náà dá lé. Èmi náà wà níbẹ̀, àmọ́ n kì í ṣe ènìyàn. Báàgì ni mí. Báàgì tí Bọ̀dá Kúnmi máa ń kó irinṣẹ́ sí ni mo dà, wọ́n gbé mi kọ́ èjìká, jáàkì sì wà nínú mi. Kò yà mí lẹ́nu. Ohun tó jẹ mí lógún ni pé kí síìpù mi má là lójú ọ̀nà.

Àlá ò ṣàdédé wá, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ayé. Táyà ni Bọ̀dá Kúnmi ń lẹ̀. Nígbà òjò tó kọjá, ó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, àwọn ọlọ́pàá dá a dúró, wọ́n ní kí ló wà nínú báàgì. Ó ní jáàkì ni. Bó ṣe ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láti yọ ọ́ hàn wọ́n, Sájẹ́ǹtì kan tí wọ́n ń pè ní Lámìdí rò pé ìbọn ló fẹ́ yọ, ló bá la kóńdó mọ́ ọn lórúnkún. Láti ọjọ́ náà ni orúnkún ọ̀tún ti yarí, kò ká dáadáa mọ́. Lọ́yà kan sọ fún wa pé òfin ní kí wọ́n san gbà-má-bínú fún un. Ìgbàkigbà tí a bá dé àgọ́ wọn, wọ́n á ní ká máa bọ̀ lọ́la. Ẹ̀yin náà mọ irú ọ̀la bẹ́ẹ̀.

Èyí tó wá dùn ún jù ni pé Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni ìdána òun àti Ẹniọlá. Ọkọ ìyàwó gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àwọn àna rẹ̀, kí àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Bàbá Ẹniọlá kì í sì í gbà kí ẹnikẹ́ni kàn tẹrí ba lásán. A gbọ́ pé nígbà tí wọ́n ń fa ẹ̀gbọ́n Ẹniọlá fún ọkọ, bàbá yìí ní kí ọkọ ìyàwó dìde kó lọ tún un ṣe, pé agbádá rẹ̀ nìkan ló kan ilẹ̀. Nítorí èyí, òròòru ni Bọ̀dá Kúnmi ń fi òrí pa orúnkún. Òórùn òrí yẹn ni mo gbọ́ sùn.

Ó di inú àlá. A dé àgọ́ ọlọ́pàá, a bá a tí ilé náà léfòó sókè. Okùn ni wọ́n fi so ó mọ́ igi ọsàn, ó ń fì díẹ̀díẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá. Àwọn tó ti wá gba gbà-má-bínú ṣáájú wa jókòó sábẹ́ rẹ̀ lórí táyà. Ìyá arúgbó kan tó fi ọ̀já gbé apá rẹ̀ kọ́rùn ní, “Ọmọ mi, sún mọ́bí. Wọ́n ní wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ lọ́la.”

Jáàkì bá wúkọ́ nínú mi. “Bọ̀dá,” ló wí, “ẹ gbé mi sílẹ̀ kí ẹ dúró lé mi lórí. Èmi ni mo kó bá yín. Ẹ jẹ́ kí n gbé yín dé òkè.”

“Ṣé o lè gbé mi?” ni Bọ̀dá Kúnmi bi í.

“Ọkọ̀ akẹ́rù ni mò ń gbé. Kí lẹ wọ̀n?”

Bó ṣe gbé wa dé ojú fèrèsé nìyẹn, a sì gba ibẹ̀ wọlé. Ọ̀gá wọn jẹ́ obìnrin kan tó sanra, tó ń yan ẹ̀pà nínú akoto onírin. Ó bu ẹ̀pà fún Bọ̀dá Kúnmi kó tó bi í ní ohunkóhun. Sájẹ́ǹtì Lámìdí dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó ń fẹ́ iná.

“Ọmọ mi, ta ni ẹlẹ́rìí rẹ?” ni màmá ọ̀gá wí.

“Orúnkún mi ni, mà.”

Orúnkún bá yọjú láti inú ṣòkòtò, ó kí gbogbo ilé.

“Ṣé wàá kúnlẹ̀ búra?”

“Mà, ènìyàn ló ń fi mí kúnlẹ̀. Èmi fúnra mi ò ní orúnkún.”

Màmá ọ̀gá rò ó, ó mi orí. “Òótọ́ lo sọ. Dúró búra.”

Orúnkún ní, “Jẹ́jẹ́ mi ni mo wà nínú ṣòkòtò, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Àfi gbàà. Láti ìgbà náà, bí òjò bá máa rọ̀, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ládùúgbò wa.”

Gbogbo àwọn ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀ káàánú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ fi fìlà rẹ̀ fẹ́ ẹ.

“Kí lo wá fẹ́ gbà?” ni màmá ọ̀gá bi ẹ̀gbọ́n mi.

“Mi ò fẹ́ ohun tó pọ̀, mà. Kí ó kọ́kọ́ sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kó wá bá mi dọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, nítorí òun ló jẹ́ kí n má lè ṣe é mọ́.”

Sájẹ́ǹtì Lámìdí dáwọ́ iná fífẹ́ dúró. “Ọ̀gá, ọlọ́pàá kì í dọ̀bálẹ̀. Sàlúùtù la máa ń ṣe.”

“Ṣé Bàbá Ẹniọlá gba sàlúùtù?”

“Kò gbà á, mà,” ni Bọ̀dá Kúnmi dáhùn.

“Lámìdí, pẹ̀lẹ́ rẹ dà? Sọ ọ́ ká gbọ́.”

Sájẹ́ǹtì la ẹnu. Pẹ̀lẹ́ náà há a lọ́fun bí egungun ẹja. Ó gbé e mì, ó tún gbé e padà, bó ṣe ń bá a jà lọ́wọ́ ni irùngbọ̀n gbọọrọ yọ sí i lágbọ̀n, ìwo yọ, ó sì di ewúrẹ́ pẹ̀lú bẹ́líìtì àti fìlà rẹ̀. Àwọn yòókù wò ó, ó jọ pé ó wù wọ́n, ni gbogbo wọn bá di ewúrẹ́. Màmá ọ̀gá nìkan ló kù, ó ń yan ẹ̀pà rẹ̀ lọ.

Ìgbà tí a fi máa wẹ̀yìn, iyàrá náà ti di pálọ̀ Bàbá Ẹniọlá. Bàbá jókòó lórí àga, ó gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí, ó ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí yóò fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n. Ẹniọlá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó bo ojú, àmọ́ mo rí i tó ń yọ́jú wo ẹ̀gbọ́n mi. Alága ìjókòó ní kí ọkọ ìyàwó wá kí àwọn àna rẹ̀. Sájẹ́ǹtì rìn síwájú, pátákò rẹ̀ ń dún ko, ko, ko. Ó ká ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, ó kúnlẹ̀.

“Ẹ̀ẹ̀ẹ̀,” ni alága wí, “obìnrin ló ń kúnlẹ̀. Àna wa, ẹ dọ̀bálẹ̀.”

Ewúrẹ́ gbìyànjú. Bó ti tẹ iwájú sílẹ̀ ni ẹ̀yìn ń ga sókè. Ó tẹ ẹ̀yìn sílẹ̀, iwájú dìde. Àwọn ewúrẹ́ tó bá a wá náà kúnlẹ̀ láti ràn án lọ́wọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ẹní.

Bàbá Ẹniọlá ní, “Ẹrù ìyàwó ti dé, a rí i, ẹran náà sì sanra. Ọkọ dà?”

Ni wọ́n bá so Sájẹ́ǹtì mọ́ iṣu, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kèǹgbè oyin. Ó wo Bọ̀dá Kúnmi. Omi wà lójú rẹ̀. “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n á pa mí jẹ.”

Mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi á rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó tiro dé ibẹ̀, ó tú okùn náà. Ó ní, “Èmi ò ní kí wọ́n pa ọ́. Pẹ̀lẹ́ mi ni mo wá gbà.”

Ewúrẹ́ gbọn okùn kúrò lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ló rọra sọ ọ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́: “Ẹ pẹ̀lẹ́. Mo rò pé ìbọn ni. Ẹ̀rù ló bà mí.”

“Mo gbọ́,” ni orúnkún dáhùn láti inú ṣòkòtò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ká. Bọ̀dá Kúnmi ń lọ sílẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀, Ẹniọlá ti ṣí ojú. Ibẹ̀ ni mo ti yọ̀ kúrò ní èjìká rẹ̀. Mo já lulẹ̀ pẹ̀lú jáàkì nínú mi. Gbì!

Mo jí. Gbì náà ṣì ń dún ní pálọ̀ wa. Mo sáré jáde. Ilẹ̀ ti mọ́. Bọ̀dá Kúnmi wà lórí ẹní, ó da àyà délẹ̀ gbalaja, òórùn òrí gba gbogbo ilé.

“Ẹ káàárọ̀, Bọ̀dá. Kí lẹ ń wá nílẹ̀?”

“Bọ́tìnnì mi ló já bọ́.”

“Ṣé ẹ ti rí i?”

Ó yí ojú sí mi. “Ìbídùn, àyà mi kan ilẹ̀. Wò ó dáadáa. Ṣé àyà ni àbí aṣọ?”

Mo dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ilẹ̀, mo wò ó. “Àyà ni.”

“Ó dáa. Dídìde ni mi ò tíì lè dìde.”

“Àwọn ọ̀rẹ́ yín á wà lọ́tùn-ún lósì lọ́jọ́ Sátidé. Ṣé kí n lọ gbé jáàkì wá?”

Ẹ̀rín pa á débi pé kò tilẹ̀ lè dìde mọ́ rárá. Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá rẹ̀, a jọ gbìyànjú ẹ̀. Bó ṣe jókòó tán ni a rí ewúrẹ́ aládùúgbò wa tó ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ó ti kúnlẹ̀ sẹ́bàá àga, ó ń ṣa gààrí tó dà sílẹ̀ lánàá.

Bọ̀dá Kúnmi na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, ó ń fi ọwọ́ ra á. “Tí ìdána bá ti kọjá, a ó padà lọ sí àgọ́ wọn,” ló wí. “Wọn ì báà ní ká máa bọ̀ lọ́la.”

Mo wo ewúrẹ́, mo dúró bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó gbé orí sókè, gààrí wà ní irùngbọ̀n rẹ̀, ó wò wá títí, ó sì ń jẹ ẹnu rẹ̀ lọ.