Ta Lo Gbàṣẹ Lọ́wọ́ Rẹ̀?

"Ta ló fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mi?"

Ìyá Ìwọ̀n kò tíì jókòó tó fi béèrè. Báàgì rẹ̀ ṣì wà léjìká, kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà tó ti ń wò láti ọdún mọ́kàndínlógún ti di ojú àlejò: àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú, àwọn àmì kéékèèké sì tò sí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé tó pẹ́ dé.

Àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín nídìí tábìlì kejì. Àwọn méjèèjì ló jọ ni ọ́fíìsì náà. Àwòrán ilé ni wọ́n ń yà fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀. Èmi ni. Nígbà tí ẹ wà níbi ìjọsìn lánàá ni mo parí ẹ̀. Ètò tuntun tó ń jẹ́ Línúúsì ló ń darí kọ̀ǹpútà wa báyìí, èyí tí àwọn tó ṣe é ṣí inú ẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. A ti bọ́ lóko ẹrú."

"Ìgbà wo ni mo sọ fún ọ pé mo wà lóko ẹrú?"

"Ẹ ti gbàgbé ni? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ ń ya òrùlé ilé ìwòsàn lọ́wọ́, ètò àtijọ́ ní òun fẹ́ ṣàtúnṣe ara òun. Ó pa ara ẹ̀, ó tan ara ẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ méjì wọlẹ̀. Ẹ bú u títí ohùn yín fi ha."

"Mo bú u. Mi ò ní kí o sin ín. Kí ni mo sọ fún ọ lọ́jọ́ náà tí o ní kí a pààrọ̀ ẹ̀?"

Àbúrò wo ilẹ̀. "Ẹ ní kí n jẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ parí iṣẹ́ àtẹ̀gùn ná."

Iṣẹ́ àtẹ̀gùn náà kì í ṣe iṣẹ́ ṣeréṣeré. Ilé ìwé kan ni, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àtẹ̀gùn rẹ̀ kan ṣoṣo sì tóóró bí ọ̀nà èèrà. Àwọn ọmọ ti ya lu ara wọn níbẹ̀ rí, ẹsẹ̀ ọmọbìnrin kan sì ṣẹ́. Bí àwòrán àtẹ̀gùn tuntun kò bá dé ọ̀dọ̀ àwọn olùyẹ̀wò ilé kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yìí tó lù, wọn á ti ilé ìwé náà pa.

Ìyá Ìwọ̀n jókòó. Ìka rẹ̀ tẹ ohun tó máa ń tẹ̀. Ohun tí kò rò ló jáde. Ó dà bí ẹni tó ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ bàtà òsì. Ó pòṣé, ó wá àpò iṣẹ́ ilé ìwé náà títí tó fi rí i, ó ṣí i. Àwòrán àkọ́kọ́ wà níbẹ̀. Àwòrán àṣeparí kò sí.

"Garawa ìdọ̀tí dà?"

"Garawa ìdọ̀tí kẹ̀?"

"Èyí tó wà lójú kọ̀ǹpútà mi tẹ́lẹ̀, tí à ń ju iṣẹ́ tí a ò lò mọ́ sí. Ohun tó wà nínú ẹ̀ dà?"

Ẹ̀rín tún gba ẹnu àbúrò. "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ń kó pàǹtí ilé àtijọ́ lọ sílé tuntun? Mo kó gbogbo iṣẹ́ yín, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo nu inú ẹ̀rọ mọ́ tónítóní."

"Inú garawa yẹn ni àtẹ̀gùn wà."

Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. "Ẹ kó iṣẹ́ pamọ́ sínú garawa ìdọ̀tí? Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà tó báyìí?"

"Pípẹ́ tí mo pẹ́ ló kọ́ mi. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ kí a tó dá ibí sílẹ̀, wọ́n máa ń jí àwòrán mi lò. Wọ́n ń tú gbogbo àpò, wọn ò tú garawa rí. Olè kì í wá ẹrù lórí ààtàn. Iṣẹ́ tí mo bá parí, tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ bà, ibẹ̀ ló ń sùn títí màá fi gbé e jáde."

"Ẹ ò sọ fún mi."

"O ò bi mí."

Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbà pé òun mọ ọ̀nà tán, ta ni yóò bi? Ìyá Ìwọ̀n tẹrí ba, ó ní kí Olúwa fi ẹ̀ṣọ́ sí ẹnu òun. Ẹnu gba ẹ̀ṣọ́, ojú kò gbà. Lọ́jọ́ tí inú rẹ̀ bá dùn, oríkì ló fi ń pe àbúrò yìí, á ki í, á fi ti baba wọn lé e, títí orí rẹ̀ á fi wú. Lónìí, "ìwọ" lásán ni.

Fóònù dún. Olùdarí ilé ìwé ni. "Ìyá Ìwọ̀n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn òbí ti kún ọgbà. Ṣé ẹ ó bá wa gbé àwòrán náà dé ọ̀dọ̀ àwọn olùyẹ̀wò?"

"Màá gbé e débẹ̀, mà."

Ó fa ìwé kan yọ nínú báàgì rẹ̀, ìwé tí kì í gbé sílẹ̀, tó fún un ní orúkọ tí gbogbo ènìyàn ń pè é. Gbogbo ohun tó bá wọ̀n, pẹ́ńsù rẹ̀ á kọ ọ́ síbẹ̀.

"Ìwọ, gbà. Máa kà á fún mi."

Àbúrò ń kà, ẹ̀gbọ́n ń yà. "Ibo ni wọ́n gbé ohun tí a fi ń fa ìlà gígùn sí?" "Lókè, lápá òsì, mà." "Ta ló ní kí wọ́n gbé e síbẹ̀?" Àbúrò ṣí ojú ewé tó kàn. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n bá yín yà á. Ọwọ́ mi ti mọ́ ọn."

"Ọwọ́ tó nu ún nù? Máa kà."

Nígbà tí agogo méjì kọjá, ó ku irinṣẹ́ kan tí kọ̀ǹpútà kò tíì ní, èyí tí yóò sọ àwòrán náà di irú tí àwọn olùyẹ̀wò ń gbà. Bí Ìyá Ìwọ̀n ṣe ní kó wọlé, àpótí kékeré kan yọ lójú ẹ̀rọ. Àbúrò sáré na ọwọ́.

"Kí ló ń béèrè?" Ìyá Ìwọ̀n bi í.

"Ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé ni. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ẹ̀ nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi. Kì í dédé yí nǹkan padà bíi ti àtijọ́. Bó ti wù kó kéré tó, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ẹ̀rọ."

Ọ̀rọ̀ ti bọ́ sílẹ̀ tán kó tó gbọ́ ohun tí òun sọ. Ìyá Ìwọ̀n yí àga rẹ̀ kọjú sí i.

"Ta lo kọ sí i pé ó ni ẹ̀rọ yìí?"

"Èmi ni, mà."

"Yọ orúkọ rẹ kúrò. Fi tèmi sí i."

Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tuntun, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Kọjú sógiri." Ọkùnrin tó ti lé lógójì ọdún kọjú sógiri.

Kí agogo mẹ́ta ààbọ̀ tó lù, àtẹ̀gùn ti jáde lórí bébà, ó fẹ̀, ó ní ibi ìsinmi láàárín, ọmọ mẹ́rin lè jọ gbà á lẹ́ẹ̀kan. Ìyá Ìwọ̀n ká a, ó gbé báàgì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú."

"Mò ń bínú. Màá ṣì bínú lọ́la."

"Ṣé kí n dá ètò àtijọ́ padà?"

"Fi èyí sílẹ̀. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ àṣẹ. Ìwọ ni kò mọ̀ ọ́n."

Ó jáde. Àbúrò dá dúró. Ó rántí pé àwọ̀ ewé ló máa ń wà lójú kọ̀ǹpútà yẹn tẹ́lẹ̀, ó ní kí òun tètè fi àwọ̀ ewé náà sí i, kó fi pẹ̀tù sí i nínú nígbà tó bá dé. Ó lọ síbẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì kan. Ẹ̀rọ béèrè ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó fa ọwọ́ padà bí ẹni tó fara kan iná. Ó gbé àga rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó, ó ń retí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó lè bi í bóyá àwọ̀ ewé ló fẹ́.