Bàálù Alápá Kan

Bàbá mi ní kí n wá gbé bàálù, pé àwọn ti kàn án tán, ká lọ gbé e fò.

Bàálù ogun àfiṣeré tí wọ́n ń fi rìmóòtù darí ni, ó sì gùn ju tábìlì ìjẹun wa lọ. Ìwé àwòrán ni Bàbá ń wò gé pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Apá ọ̀tún ń dán gbinrin. Apá òsì kò sí rárá.

Láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n, ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́ òsì kò sí láyé mọ́ lójú tiwọn. Wọ́n á jẹ ìlàjì oúnjẹ tó wà lápá ọ̀tún àwo, wọ́n á ní mo ṣahun. Dókítà ní kí n máa rán wọn létí. Ìránnilétí wo? Ẹnu mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó!

"Bàbá, apá kan ṣì kù."

"Alágídí, o tún ti dé. Kí ló kù?"

Mo yí tábìlì ká bọ́ sí òsì wọn, mo di ọwọ́ wọn tó rọ yẹn mú, mo gbé e lé ibi tó ṣófo.

Ibi tí mo dúró sí tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ṣì ń wò.

"Alágídí! Ibo lo gbà lọ?"