Rédíò Tí Wọ́n Pa

"Àǹtí, kí ni wọ́n ń pe èyí?"

Ọmọ télọ̀ ló béèrè. Ó ti to búlọ́ọ̀kù onípákó mẹ́ta jọ, méjì dúró, ìkẹta dábùú lórí wọn. Rédíò, tíṣà kíláàsì náà, gbọ́. Gbogbo ẹran ara rẹ̀ ló gbọ́. Ìdáhùn ti dé ọ̀fun rẹ̀, ó ń ta pàrà bí àgbàdo nínú ìkòkò gbígbóná, ṣùgbọ́n ó pa ètè dé, ó ń fi imú mí, ó sì tẹjú mọ́ ògiri bí ère tí wọ́n gbẹ́ mọ́ àga.

"Àǹtí, ilẹ̀kùn ni àbí afárá?"

Rédíò gbé ìdáhùn náà mì.

Ní kọ̀rọ̀ yàrá, lórí àga kékeré tí kò gbà ju ìdajì ìdí èèyàn lọ, obìnrin olùyẹ̀wò láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ń kọ nǹkan sínú fọ́ọ̀mù. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń ṣe Ẹ̀kọ́ Inú Eré, ọ̀nà ìkọ́ni tuntun tí wọ́n gbé wá sí gbogbo jẹ́lé-ó-sinmi, bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é. Ogójì ni máàkì. Tíṣà tí kò bá gba ogún, wọ́n á gba kíláàsì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á sì fi lẹ́tà sìn ín délé. Rédíò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, owó oṣù ti Rédíò ló sì ń gbé ilé ró. Síbẹ̀ àyà rẹ̀ kò já. Ta ló tún lè ṣe é bí òun? Odindi ọdún kan rèé tí kò tíì dá sí eré ọmọ kankan.

Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ nìkan ló lè mọ ìyà tó fi jẹ ara rẹ̀. Wọn kì í pe èèyàn ní Rédíò lásán. Obìnrin yìí a máa bá ọ̀rọ̀ jí, a bá a wọ ilé ìwẹ̀, a bá a sùn. Ọkọ rẹ̀ ní lọ́jọ́ tí wọ́n so àwọn pọ̀, "bẹ́ẹ̀ ni" kan ṣoṣo tó yẹ kó sọ fún akọ̀wé ìgbéyàwó, wákàtí kan ààbọ̀ ló fi sọ ọ́, akọ̀wé sì ti sùn kó tó parí. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin. Bí ọmọ bá fa okùn bàtà, Rédíò á bi í bóyá ejò ni. Bí ọmọ bá ní ejò ni, á bi í ohun tí ejò jẹ láàárọ̀, ẹni tó sè é, àti bóyá ejò fọ ọwọ́. Ọmọ tó wọlé tọ̀ ọ́ tí kò mọ̀ ju "omi" àti "rárá" lọ, kí ọdún tó yí po, á ti máa bá bàbá rẹ̀ jiyàn títí bàbá á fi ti ilẹ̀kùn mọ́rí.

Lọ́dún tó kọjá ni ìwé ìtọ́ni Ẹ̀kọ́ Inú Eré dé láti ọ́fíìsì, ojú ewé méjì péré. Ìlà keje ló dá wàhálà sílẹ̀. Ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ ni: *Ki oluko ma da si ere awon omo.* Kò sí àmì lórí ọ̀rọ̀ kankan. Ìlà náà pá kodoro bí orí àgbàlagbà.

Rédíò ló kọ́kọ́ kà á sókè ní ìpàdé àwọn tíṣà. "Kí olùkọ́ máa dá sí eré àwọn ọmọ. Ó dáa, ohun tí mo ti ń ṣe láti ayébáyé nìyẹn."

Ọ̀gá ilé-ìwé, tí wọ́n ń pè ní Màmá Gíláàsì nítorí awò ojú rẹ̀ tó fẹ̀ bí fèrèsé ọkọ̀, já ìwé náà gbà. "Níbo lẹ ti rí máa? Má ló wà níbẹ̀. Kí olùkọ́ má dá sí i. Ta ni wọn ì bá tún máa bá wí bí kì í bá ṣe ẹ̀yin ẹlẹ́nu-ò-sinmi?"

Àwọn tíṣà rẹ́rìn-ín. Rédíò náà rẹ́rìn-ín, nítorí ẹni tí wọ́n bá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú ọ̀gá, ó ní láti bá wọn rẹ́rìn-ín ni. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti la ẹnu ní kíláàsì, awò ojú méjì á yọ lójú fèrèsé. Ìwé ìkìlọ̀ kìíní dé, èkejì tẹ̀ lé e. Rédíò wá dákẹ́. Bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ tó gbé mì lọ́dún náà ṣe bíríkì, wọn ì bá fi kọ́ ilé alájà ogún, kó sì tún ṣẹ́kù tí wọn yóò fi mọ ọgbà yí i ká. Ikùn rẹ̀ wú débi pé aládùúgbò kan bi í bóyá oyún ni, obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta.

Ní báyìí, ìbéèrè ti sú ọmọ télọ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ti búlọ́ọ̀kù rẹ̀ wó, ó sì wọ́ àga kan sáàárín ẹní.

"Ẹ jẹ́ ká ṣe ilé-ìwé," ó ní. "Èmi ni tíṣà."

Ó jókòó, ó káwọ́ mọ́ àyà, ó ká ètè rẹ̀ sínú, ó sì tẹjú mọ́ ògiri. Àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kan fà á láṣọ.

"Tíṣà, mo fẹ́ tọ̀."

Ògiri ni tíṣà ń wò.

"Tíṣà, mo ní mo fẹ́ tọ̀."

Tíṣà kò mira. Ẹni tó fẹ́ tọ̀ rìn lọ sí kọ̀rọ̀, ó ṣe bí ẹni tó ń tọ̀, ó padà wá jókòó. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú wọn, nítorí wọn kò mọ̀ pé apanilẹ́rìn-ín ni. Ẹ̀rín kọ́kọ́ sọ nínú Rédíò, lẹ́yìn náà ni nǹkan kan tẹ̀ ẹ́ pa. Ó rí i pé òun ni ọmọ náà ń ṣe, àti pé kò sí ibi tó ti ṣì í ṣe.

Bírò olùyẹ̀wò dúró. Lẹ́yìn náà ó kọ ọ̀rọ̀ gígùn kan.

Nínú ọ́fíìsì Màmá Gíláàsì ni wọ́n ti ka máàkì: mẹ́fà nínú ogójì.

"Ẹ má bínú, mà," olùyẹ̀wò ní. Ó tó ọmọ tí Rédíò lè bí, kò sì fẹ́ wo ojú rẹ̀. "Eré ni mo rí, mi ò rí ẹ̀kọ́. Ọmọ kan bi yín léèmejì, ẹ ò dá a lóhùn. Iṣẹ́ tíṣà ni kó bá wọn sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣeré."

"Ẹ̀yin lẹ ní ká má dá sí i."

"Àwa kẹ̀?"

Rédíò fa ìwé ìtọ́ni yọ nínú báàgì. Ìlà keje ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ nítorí ìka tó ti gba orí rẹ̀ kọjá. Olùyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. "Kí olùkọ́ máa..." Ó dúró. Ó tún wò ó. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ta ló tẹ ìwé yìí?" Rédíò bi í.

Olùyẹ̀wò dá ìwé náà padà fún un. "Èmi ni. Wọ́n ń kán mi lójú. Àmì ṣòroó tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà wa, mo sì rò pé kò sí ẹni tí kò ní mọ̀ ọ́n kà."

"Mo mọ̀ ọ́n kà. Ọ̀gá, ẹ ṣáà rántí ìpàdé yẹn."

Màmá Gíláàsì bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Ìpàdé wo?"

"Tẹ́ ẹ ti gba ìwé lọ́wọ́ mi, tẹ́ ẹ ní má ni."

"Mi ò rántí o. Ẹni tó ti fi ọdún mọ́kàndínlógún ṣe tíṣà, ṣé èmi ni n ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ ní ìwé kíkà?"

"Ìwé ìkìlọ̀ méjì tẹ́ ẹ kọ fún mi ńkọ́?"

"Ariwo ni mo kọ síbẹ̀. Ẹ lọ wò ó. Nítorí ariwo ni mo ṣe kìlọ̀ fún yín, mi ò sọ pé kẹ́ ẹ di odi."

Òótọ́ sì ni. Ariwo ló kọ síbẹ̀.

Olùyẹ̀wò fa àga rẹ̀ súnmọ́ Rédíò, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mà, àyè kan wà nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù fún ọ̀rọ̀ tíṣà. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ pé ẹ ṣì í kà ni, wọn ò ní lé yín. Wọ́n á gba kíláàsì, wọ́n á fi yín sí ilé ìdáná, ẹ ó máa fọ abọ́ àwọn ọmọ títí ẹ ó fi fẹ̀yìn tì. Tẹ́ ẹ ò bá kọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà á dé òkè, ilé sì ni wọ́n á ní kẹ́ ẹ lọ."

"Tó bá dé òkè, kí ni wọ́n á fi ẹ̀yin ṣe?"

"Ọmọ mẹ́ta ni mò ń tọ́, mà."

Rédíò nawọ́ sí i. Ó gba bírò. Abọ́ fífọ̀ fún ọdún méje tó kù kó fẹ̀yìn tì kò burú, abọ́ kì í kọ ìwé ìkìlọ̀. Ó ronú kan ọkọ rẹ̀, ó ronú kan oògùn tó ń lò lóṣooṣù. Ó tẹ orí bọlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé, ó ń fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bírò náà sì ń dá bébà lu: *Mo kà á dáadáa lọ́jọ́ kìíní. Wọ́n ní kí n dákẹ́.*

Olùyẹ̀wò kà á. "Mà, ṣé ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ kọ yìí?"

"Ilé-ìwé mélòó ló kù tẹ́ ẹ máa dé?"

"Mọ́kànlá."

"Ìwé yìí náà ló wà lọ́wọ́ wọn?"

Olùyẹ̀wò ká fọ́ọ̀mù náà sí mẹ́rin, ó tì í sí ìsàlẹ̀ báàgì rẹ̀, lábẹ́ àwọn fọ́ọ̀mù yòókù.

"Ẹ má wulẹ̀ padà sí kíláàsì mọ́," Màmá Gíláàsì ní, ó ti wọ awò ojú rẹ̀ padà. "Mo ti ní kí ẹnì kan lọ bá wọn jókòó."

Rédíò dìde. "Ẹni yòówù kó jẹ́, ẹ bá mi sọ fún un pé kó máa bá wọn sọ̀rọ̀."

Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá, ó sì gba ẹ̀yìn ilé jáde, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń kó pákó fífọ́ sí. Ọ̀nà iwájú ló yá, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà gba ojú fèrèsé kíláàsì kọjá. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà bá pè é, yóò dáhùn. Bó bá sì dáhùn, kò ní lè lọ mọ́.