Jẹ́lì Ìlọrà àti Pákò Ọkọ Mi

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí fífi irú ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ ló fẹ́ẹ̀ gba ọkọ lọ́wọ́ mi. Ọdún kejì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwé ọ̀fẹ́ ni, nígbà ọyẹ́, ní Fìdítì níbí. Mo ti pé ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta. Nǹkan oṣù mi ti dúró, ó tó ọdún méjì. Abọ́sẹ̀dé ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọkùnrin, ó sì wá sílé wa kí n lè bá a tọ́jú rẹ̀. Ògúnlẹ́yẹ, ọkọ mi, ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀yọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ ọmọ náà lórúkọ ni kò ti pe mí ní Àyìnkẹ́ mọ́. Ìyá Àgbà ló ń pè mí.

Ẹ mọ àṣà wa. Obìnrin tí ọmọ rẹ̀ bá ti bímọ, wọ́n á ní kò yẹ kó máa bá ọkọ sùn mọ́. Kò sẹ́ni tó máa sọ ọ́ sí i létí. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò ká ẹní rẹ̀ kúrò ní yàrá ọkọ, ọkọ á rí i, á dákẹ́, ó parí. Nígbà tí mo wá ká ẹní mi lọ sí yàrá Abọ́sẹ̀dé nítorí ọmọ tuntun, gbogbo ilé gbà pé mo ti kúrò lọ́dọ̀ ọkọ nìyẹn. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn? Ọmọ ni mo lọ wẹ̀.

Ṣùgbọ́n n ò ní parọ́ fún yín. Bí mo ṣe ń ká ẹní yẹn, ara tù mí. Ó ti lé lọ́dún kan tí ojú ara mi ti ń gbẹ. Bí ọkọ mi bá sún mọ́ mi, á máa ta mí, á máa họ mí, bíi pé iyanrìn wà níbẹ̀. Mo á yíjú sí ògiri, mo á ní orí ń fọ́ mi. Orí mi fọ́ ní ọdún yẹn ju ti gbogbo obìnrin Fìdítì lọ. Ohun tó sì ń bí mi nínú jù ni pé mo ṣì ń fẹ́ ọkùnrin náà. Tó bá ń kọrin níbi tó ti ń lu táyà, inú mi a máa dùn bíi ti ọmọge.

Bí mo ṣe wà nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Ọ̀ṣúnkẹ́mi fi dé. Opó Ògúnníyì, àbúrò ọkọ mi, ni. Kò tíì ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, ó sì ti ṣe ọ̀fọ̀ rẹ̀ tán. Ní Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ náà ni ẹbí fẹ́ kó jọ ní agbo ilé bàbá wọn kó lè yan ẹni tó máa ṣú u lópó. Nílé wa, ọkùnrin tó bá fẹ́ opó á fi pákò kan sínú abọ́, opó á mú pákò ẹni tó wù ú. Pákò náà gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun. Èyí tí ẹnu bá ti kàn, wọn kì í gbà á.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo wọ yàrá ọkọ mi láti gbálẹ̀, mo rí pákò kan lójú fèrèsé. Orín àtà ni, ó gùn, ó tọ́, wọ́n ti bó o lórí. N ò bi í léèrè. Bí mo bá bi í, tó ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ni mo fẹ́ sọ? Ọ̀ṣúnkẹ́mi kò ṣẹ̀ mí, ìyáálé mi, ìyáálé mi, ló máa ń pè mí, ó sì ń bọ̀wọ̀ fún mi. Èmi ni mo ká ẹní. Mo gbá yàrá yẹn lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó jáde.

Ara mi kò balẹ̀ mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí mo lè fi sára. Òrí ni mo kọ́kọ́ mú, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo wọ balùwẹ̀, mo ní kí n dán an wò lára ara mi ná. Ọyẹ́ ti mú un, ó dì gbagidi. Mo yọ́ ọ lórí iná, ìdọ̀tí hàn nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo fi aṣọ sẹ́ ẹ, mo fi sí i, kò pẹ́ tó tún fi dì, ó lẹ̀ mọ́ mi lára, ó sì ba ìró mi jẹ́. Mo jókòó sórí òkúta balùwẹ̀, mo ń ka ọjọ́. Ó ku mẹ́rin sí Àbámẹ́ta.

Lọ́jọ́rú, mo lọ sọ́dọ̀ Hannah, ìyàwó tíṣà àwọn Onítẹ̀bọmi, torí òun máa ń ní ìpara òyìnbó oríṣiríṣi. Ìtìjú kò jẹ́ kí n sọ ibi tí mo fẹ́ fi í pa. Mo ní ara ló ń ro mí, mo fẹ́ ìpara tó máa jẹ́ kí ara mi rọ̀. Hannah ṣe mí lóore, ó bu èyí tí wọ́n fi ń pa ẹsẹ̀ àwọn arúgbó fún mi. Mo sáré délé, n ò tilẹ̀ gbóòórùn rẹ̀ dáadáa. Hẹ̀n-ẹ́n-ẹ́n. Bí mo ṣe fi sí i báyìí ni iná sọ. Mo jáde ní balùwẹ̀ pẹ̀lú ìró ní àyà, mo jókòó sínú ọpọ́n tí a fi ń wẹ ọmọ, omi gbígbóná ìwẹ̀ ọmọ ló sì wà nínú rẹ̀, mo tún fò dìde. Abọ́sẹ̀dé ń wò mí, ó ya ẹnu. Mo sọ fún un pé kó gbájú mọ́ ọmọ rẹ̀.

Ọkọ mi wọlé jẹun lọ́sàn-án, ó rí i bí mo ṣe ń rìn, ó béèrè ohun tó ń ṣe Ìyá Àgbà. Mo ní èèrà ló jẹ mí. Ó wò mí, ó jẹun rẹ̀, ó padà sí ìsọ̀. Pákò ṣì wà lójú fèrèsé.

Lọ́jọ́bọ̀, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìlọrà, níbi tí ilé ìgbẹ̀bí àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì wà, tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ mí. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ń jẹ́ Josephine. Mo tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ara ríro, ṣùgbọ́n ìpara Hannah ṣì ń ta mí lára, mo bá sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò rẹ́rìn-ín. Ó yẹ̀ mí wò, ó béèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ ń wá, mo ní rárá.

"Màmá, ẹ ò ṣàìsàn," ó ní. "Bí nǹkan oṣù bá ti dúró, ibẹ̀ a máa gbẹ. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń rí i, ẹ kì í jọ sọ ọ́ ni."

Ẹ ò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe bọ́ sí mi lára. Mo ti rò pé èmi nìkan ni. Ó wá ṣàlàyé fún mi pé ohunkóhun tó bá ń ta, tó ní òórùn dídùn, tàbí tó ní ọṣẹ tàbí káńfọ̀ tó ń ta bíi ti ìpara Hannah nínú, kò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Mo béèrè bóyá mo lè lo gírísì ìsọ̀ ọkọ mi, torí mo ti ń wo agolo yẹn; ó di orí mú. Ó ní òrí tó mọ́ kò burú, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó ń lẹ̀, àti pé àwọn tó ń lo rọ́bà kí wọ́n má baà lóyún kò gbọ́dọ̀ fi epo kankan sí i, kó má baà bẹ́. Ó fa àpótí, ó mú agolo rírọ̀ kan jáde, ó fún díẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Ó tutù, ó ń yọ̀ bí ilá, kò lóòórùn. Jẹ́lì ni, wọ́n ń fi yẹ aboyún wò. Ó ní omi lásán ló ń fọ̀ ọ́ kúrò, kì í sì í ba aṣọ jẹ́. Ó fún mi ní agolo náà, ó ní díẹ̀ ni kí n máa lò, bó bá tún gbẹ kí n tún fi kún un.

Mo ti dìde tó fi sọ èyí tó le jù. "Ṣùgbọ́n tí ẹ ò bá sọ fún bàbá, kò ní mọ̀ pé ó yẹ kóun rọra. Jẹ́lì yìí nìkan kò ní tó."

Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dé ìsọ̀ ọkọ mi. Àkọ́kọ́, mo gbé ẹ̀kọ lọ. Ìkejì, mo ní mo ń wá àwo ẹ̀kọ. Ìkẹta, n ò rí irọ́ pa. Ó dojú kẹ̀kẹ́ kan dé, ó ń kán òróró sí ṣéènì rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀. Oníkẹ̀kẹ́ ti lọ jẹun, àwa méjì ló kù. Agolo jẹ́lì náà wà nínú ìró mi.

"Bàbá Abọ́sẹ̀dé," mo ní, "n ò kúrò lọ́dọ̀ yín o. Ó ń dùn mí ni. Ó ti lé lọ́dún kan tó ti ń dùn mí."

Ó béèrè kí ló ń dùn mí, mo sì sọ ọ́, láìfi bò. Mo sọ ti òrí, mo sọ ti ìpara Hannah àti ọpọ́n ọmọ, mo sọ ti nọ́ọ̀sì. Mo gbé agolo náà jáde. Ó fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀, ó gbà á, ó ń yí i síwá sẹ́yìn. Ó ní òun rò pé òun ti sú mi ni. Gbogbo bí mo ṣe ń kọjú sí ògiri, òun rò pé òórùn epo ìsọ̀ ni mi ò fẹ́ mọ́, òun sì máa ń lọ wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí òun tó wọlé. Ìwẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì yẹn, mo máa ń gbọ́ ọ.

Ó wo ṣéènì kẹ̀kẹ́ níwájú rẹ̀. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń kán òróró sí kẹ̀kẹ́ oníkẹ̀kẹ́," ó ní, "n ò sì bi ọ́ léèrè rí bóyá ó ń dùn ọ́."

Oníkẹ̀kẹ́ dé, ọ̀rọ̀ bá dúró síbẹ̀. Kò sọ nǹkan kan nípa pákò. Mo délé, mo ká ẹní mi padà sí yàrá rẹ̀ lójú Abọ́sẹ̀dé, lójú gbogbo ará ilé, ẹni tó bá fẹ́ pòṣé kó pòṣé. Bí jẹ́lì ṣe ṣiṣẹ́, èmi àti ọkọ mi la ni ìyẹn. Ẹ ṣáà gbọ́ pé n ò yíjú sí ògiri.

Nígbà tí mo jí láàárọ̀ Àbámẹ́ta, ilẹ̀ ti mọ́. Òun kò sí lórí ẹní. Mo wo ojú fèrèsé, pákò náà kò sí níbẹ̀. Mo ní ó ti gbé e lọ síbi abọ́ opó, pé àánú mi lásán ló ṣe é lánàá. Mo so ìró mi bí mo ṣe ń sáré, mo gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, kí n lè bá a kó tó dé agbo ilé bàbá wọn.

Ó jókòó sórí òkúta lẹ́bàá ìkòkò omi, pákò náà wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ti rún orí rẹ̀ jẹ, ìfóòfó funfun wà ní ètè rẹ̀, ó sì ń fà á lọ fà á bọ̀ ní eyín láìkánjú.

"Àyìnkẹ́," ó ní, "bu omi wá kí n fi fọ ẹnu."