Má Sọ fún Ọmọ Mi

"Ìyá! Ìyá, ẹ dá mi lóhùn!"

Aránṣọ kan ń fi apá gé omi bọ̀, iyọ̀ òkun kún ẹnu rẹ̀. Àwọn yòókù nínú ẹgbẹ́ wọn ti kọjá lọ síwájú, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ìdí àgbá pupa tó léfòó lójú omi, níbi tí wọ́n ti máa ń yí padà. Ìyá ọkọ rẹ̀ nìkan ló kù sẹ́yìn. Ó nà gbalaja lórí omi, ó ń wo ojú ọ̀run, apá ọ̀tún rẹ̀ sì ń bá ìgbì lọ bá ìgbì bọ̀ bí ẹni pé kì í ṣe tirẹ̀.

Aránṣọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ abíyá rẹ̀.

"Ìyá, kí ló ṣe yín?"

"Ṣí fèrèsé," ni Ìyá wí.

"Fèrèsé wo?"

Ìyá wò ó bí ẹni ń wo àlejò tó ṣìnà wọ ilé onílé. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí apá kan. Ẹ̀rù tó ba aránṣọ fẹ́rẹ̀ẹ́ mú òun náà rì. Ó ń fi ẹsẹ̀ gbá omi, ó ń fa ìyá àgbà náà bọ̀ wá sí èbúté díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n tó dé ibi tí ẹsẹ̀ ti ń kan ilẹ̀, ẹnu Ìyá ti padà sí àyè rẹ̀. Ó tu omi òkun dànù, ó gbọn apá.

"Èwo ni ká di èèyàn mú bí ẹni mú adìyẹ? Tú mi sílẹ̀, ó jàre."

Gbogbo àdúgbò ló mọ ẹgbẹ́ wọn. Ẹgbẹ́ Pẹ́pẹ́yẹ ni àwọn ẹlẹ́yà ń pè wọ́n, wọ́n sì gba orúkọ náà tayọ̀tayọ̀. Láràárọ̀, kí oníkálukú tó lọ síbi iṣẹ́, wọn á pàdé létíkun. Púlọ́ńbà kan ló jẹ́ olórí wọn, òun ni wọ́n ń pè ní Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ. Ìyá ló dàgbà jù nínú wọn, ẹnu rẹ̀ ló sì mú jù.

Aránṣọ ló mú un wọ ẹgbẹ́ náà. Nígbà tí ọkọ Ìyá kú, ṣe ni Ìyá kọjú sí ògiri, kò jẹ, kò mu, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ọmọ rẹ̀ gbé e wá sílé ara rẹ̀, síbẹ̀ ògiri ló ń wò. Lọ́jọ́ kan, aránṣọ bẹ̀ ẹ́ pé kó kàn wá fi ẹsẹ̀ tẹ omi. Etí omi kúkú ni wọ́n ti bí Ìyá. Bí omi ṣe kàn án lẹ́sẹ̀, ó béèrè pé, "Ta ló ní aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tó lè gba ìdí mi?" Láti ọjọ́ náà ló ti ń jẹun, tó ń rẹ́rìn-ín, tó sì tún ń bá àwọn aládùúgbò jà bó ṣe yẹ.

Nísinsìnyí, Ìyá fà á sẹ́yìn àpáta kan létíkun.

"Má sọ fún ọmọ mi."

"Ìyá, ẹnu yín wọ́."

"Òtútù ni."

"Òtútù kì í ní kí wọ́n ṣí fèrèsé lójú òkun, Ìyá."

Ìyá di ọwọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀ mú. "O mọ ọmọ mi. Bó bá gbọ́, yàrá ni yóò tì mí mọ́, yóò máa gbé oúnjẹ wá bí ẹni ń sin ehoro. Mo ti gbé inú yàrá yẹn rí, o sì rí mi níbẹ̀. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́."

Kí ni ọmọdé ń wí nígbà tí àgbà bá ń bẹ̀ ẹ́? "Mo ti gbọ́, Ìyá," ló wí. Kò sọ pé òun gbà. Ìyá kà á sí pé ó gbà.

Lọ́jọ́ náà, iṣẹ́ kò lójú ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Ó rán apá aṣọ kan sódì, ó tú u, ó tún rán an sódì. Ó gbé fóònù, ó tẹ ohun tó rí síbẹ̀ láti wádìí irú àìsàn tó jẹ́, ó ka ìdáhùn débi kan, ó sì da fóònù dojú bolẹ̀. Ó ń rò ó pé, bó bá sọ, ó da Ìyá. Bí kò bá sọ ńkọ́? Òun ló kúkú mú un dé inú omi.

Nígbà tí wọ́n ń jẹun alẹ́, ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ mẹkáníìkì, béèrè pé, "Báwo lomi lónìí?"

Ojú Ìyá wà lára aránṣọ.

"Ó tutù," ló fèsì.

"Ẹ máa rọra o. Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún Ìyá, ó dún gbàlàgbàlà lórí sìmẹ́ńtì. Ìyá fi ọwọ́ òsì he é. "Ẹ ò rí ṣíbí yìí? Ó ní òun fẹ́ lọ kí ilẹ̀." Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Aránṣọ ti abọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó pinnu pé bí ilẹ̀ bá mọ́, òun yóò bẹ Ìyá kí àwọn kọ́kọ́ yà nílé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n nígbà tó jí, bẹ́ẹ̀dì Ìyá ti ṣófo. Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tó wà lórí okùn lẹ́yìnkùlé ti lọ. Kò dúró wọ bàtà. Aṣọ àwọ̀sùn ló wọ̀ tó fi sáré já òpópónà, tí àwọn tó ń ṣí ìsọ̀ fi ń wò ó.

Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ ló kọ́kọ́ rí, tó dúró létí omi.

"Ìyá ńkọ́?"

"Wọ́n ti wọ inú omi. Wọ́n ní o ń bọ̀ lẹ́yìn. Kí ló dé tó o múra bí ẹni tí iná lé jáde?"

Aránṣọ wo ojú òkun. Orí àwọn èèyàn ń yọ, ó ń rì. Kò mọ èwo ni ti Ìyá. Irú ìyàwó wo ló ń tú àṣírí ìyá ọkọ rẹ̀ ní gbangba, lójú gbogbo ẹgbẹ́? Ìgbà tí yóò fi mọ̀, ó ti ń pariwo.

"Ẹ pè wọ́n jáde! Ara Ìyá kò yá! Apá wọn kọṣẹ́ lánàá nínú omi, ẹnu wọn wọ́. Mo rí i, mi ò sọ!"

Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ kò bi í léèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ó fọn fèrè, ó bẹ́ sómi. Aránṣọ tẹ̀ lé e, aṣọ àwọ̀sùn ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Àwọn yòókù ti ń yí padà, àfi ẹnì kan tó ń lọ síwájú bí ẹni tí kò gbọ́. Níbẹ̀ ló ti mọ̀ ọ́n.

Ìgbà tí wọ́n bá a, Ìyá ń mí gúlegúle. "Ta ló ń fọn fèrè bí ẹni pé ilé ń jó?" Ó rí ìyàwó ọmọ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì le. "O sọ ọ́."

"Mo sọ ọ́, Ìyá."

"Ó dáa." Ó kẹ̀yìn sí i, ó fẹ́ dá lúwẹ̀ẹ́ padà. Apá ọ̀tún kò dìde. Ó tún gbìyànjú, omi bo ojú rẹ̀. Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ gbá a mú lẹ́yìn, aránṣọ gbé orí rẹ̀ sókè. Báyìí ni wọ́n ṣe gbé e gúnlẹ̀, lójú gbogbo àwọn tí Ìyá máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọkọ̀ púlọ́ńbà náà ló gbé wọn dé ilé ìwòsàn, àárín páìpù àti ìkòkò ìyàgbẹ́ tuntun ni Ìyá jókòó sí. Kò wo ẹnikẹ́ni. Dókítà obìnrin tó yẹ̀ ẹ́ wò bá aránṣọ sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀jẹ̀ wọn ru gan-an. Rọpárọsẹ̀ ló ń kan ìlẹ̀kùn, kò tíì wọlé. A máa dá wọn dúró. Ká ní wọ́n dá wà lójú omi ni..." Kò parí rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ dé, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Àná."

"Àná? Ṣebí a jọ jẹun lánàá. Mo bi ọ́ pé báwo lomi."

Aránṣọ ń fún omi kúrò létí aṣọ àwọ̀sùn rẹ̀.

"O ní ó tutù."

Ì bá sàn kó pariwo. Ṣe ló lọ sídìí ẹ̀rọ omi tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fọ ọwọ́, ó ń fọ ọ́, títí nọ́ọ̀sì kan fi bá a ti omi náà.

Nígbà tí wọ́n gbé Ìyá délé, ó ń bá gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀ àfi ìyàwó ọmọ rẹ̀. Dókítà ti ní bí oògùn bá ti ṣiṣẹ́, ó lè máa wọ omi tí kò jìn, bí ẹnì kan bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ní òun kò fẹ́ gbọ́ orúkọ òkun nínú ilé òun mọ́. Bí Ìyá ṣe gbọ́ bẹ́ẹ̀, ó kọjú sí ògiri.

Aránṣọ wo ẹ̀yìn rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó lọ bá ọkọ rẹ̀ nídìí iṣẹ́, lábẹ́ ọkọ̀ tó ń tún ṣe. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń bá ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tó yọ síta sọ̀rọ̀. Wọ́n jiyàn, ó bẹ̀bẹ̀, ó sunkún díẹ̀. Níkẹyìn, ohùn kan jáde lábẹ́ ọkọ̀ náà: "Kó má kọjá ìbàdí. Kó o sì wà níbẹ̀."

Ó wọ yàrá Ìyá, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyá, ọmọ yín ti gbà. Tí dókítà bá ti ní kò séwu, a ó máa lọ. Omi kò ní kọjá ìbàdí, èmi náà ó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín."

Ìyá kò yíjú padà.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo tọrọ ìdáríjì pé mo dójú tì yín láàárín ẹgbẹ́. Àmọ́ tí mo bá tún rí i, màá tún pariwo. Ẹ má fún mi ní àṣírí ara yín pa mọ́ mọ́, Ìyá. Kò sí ibi tí mo lè gbé e sí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èmi náà."

Lóde, ẹnì kan ń fi ìgbálẹ̀ gbá iwájú ilé. Aránṣọ rò pé Ìyá ti sùn, ó fẹ́ dìde.

"Orúnkún mi ń dùn mí," ni Ìyá sọ fún ògiri.

"Ẹ ní kí ni?"

Ìyá yí padà, ó wò ó. "Orúnkún mi. Ti òsì. Ó ti ń dùn mí láti ìjẹta." Ó fi ẹnu júwe ẹnu ọ̀nà. "Kí lò ń wò? Lọ sọ fún ọmọ mi."