Bọ́ọ̀dù Tí Bàbà Rẹ̀ Nípọn

Ọlálérè gbé àwo iná pamọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí Kafilat yóò gba fírídọ̀mù. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ ni àwo náà. Òun ni wọ́n fi ń mú bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà gbóná láti ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ó fa bọ́ọ̀dù kan yọ lábẹ́ tábìlì, ó fi aṣọ nù ún, ó sì gbé e kalẹ̀ fún ìdánwò.

Ọdún mẹ́rin ni Kafilat ti fi kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ìkàrẹ́. Bí ó bá yege, ọ̀gá rẹ̀ yóò gbàdúrà fún un níwájú àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́, yóò sì di ọ̀gá ara rẹ̀. Bí kò bá yege, kò sí ọ̀gá kan ní Àkókó tí yóò ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà fún un. Badmus, bàbá rẹ̀, ti gba ṣọ́ọ̀bù dè é ní Ìwàrò Ọ̀kà, lẹ́bàá títì. Ṣọ́ọ̀bù yìí ni ó ń bí Ọlálérè nínú. Púpọ̀ nínú àwọn oníbàárà rẹ̀, láti Ọ̀kà ni wọ́n ti ń wá, wọn kì í sì í béèrè òun mọ́ bí wọ́n bá dé. Kafilat ni wọ́n ń béèrè.

Bọ́ọ̀dù tí Ọlálérè yàn kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà ilé. Inú kọ̀ǹpútà ńlá tí ilé-iṣẹ́ kan jù nù ni ó ti yọ ọ́. Kò sí bọ́ọ̀dù tí kò ní bàbà tí a tẹ́ ní ìpele-ìpele sínú rẹ̀. Nínú bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà ilé, ìpele bàbà kan kò nípọn tó irun orí. Ti èyí nípọn ní ìlọ́po méjì, ìpele rẹ̀ sì pọ̀, nítorí pé iná tí ó ń gba inú rẹ̀ kọjá pọ̀. Irú bàbà bẹ́ẹ̀ a máa fa ooru. Bí a bá fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná sí ojú kan lórí rẹ̀, ooru náà yóò ti tàn ká gbogbo bọ́ọ̀dù kí òjé tí a fi lẹ ẹ̀yà mọ́ ọn tó yọ́. Ẹni tí ó bá fi agbára mú un yóò jó o. Àfi kí a kọ́kọ́ yan án láti ìsàlẹ̀. Ọlálérè mọ èyí. Òun fúnra rẹ̀ ni ó fi kọ́ Kafilat.

Badmus àti Limota, ìyàwó rẹ̀, gbé kúlà ìrẹsì àti páálí móòtì wá láti Ọ̀kà. Àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù. Israel, alága wọn, jókòó sí àárín.

"Yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tí iná ń gbà wọlé kúrò lára rẹ̀, kí o sì fi tuntun sí i," ni Ọlálérè wí.

Kafilat gbé bọ́ọ̀dù náà. Bí ó ti wúwo tó ni ó fi mọ irú bàbà tí ó wà nínú rẹ̀. Ó wo ibi tí àwo iná máa ń wà. Kò sí níbẹ̀.

"Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀wọ́, àwo iná dà?"

"Ó ti bàjẹ́. Àbí gbogbo ohun tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi lo fẹ́ kó lọ sí Ọ̀kà?"

Àwọn ọ̀gá rẹ́rìn-ín.

"Bàbà èyí nípọn, sà. Afẹ́fẹ́ nìkan ò lè yọ́ òjé rẹ̀."

"Ẹ gbọ́ o. Kò tíì fọwọ́ kan iṣẹ́, ó ti ń wá àwáwí."

"Ẹ ní kó gbé e sínú ìrẹsì tí wọ́n gbé wá yẹn," ni Israel wí. "Bóyá ó máa rọ̀."

Kafilat tan ẹ̀rọ afẹ́fẹ́. Ó fẹ́ ẹ sí ẹsẹ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì náà títí. Òjé kò yọ́. Ó fi kún ooru. Ojú bọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ó pa ẹ̀rọ náà, ó dìde, ó sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bridget, aránṣọ tí ó wà ní ìkejì wọn.

Áyọ́ọ̀nù ni ó gbé bọ̀. Ó dojú rẹ̀ sókè, ó fi búlọ́ọ̀kù méjì há a kí ó má baà yí, ó tan iná rẹ̀, ó sì tẹ́ bọ́ọ̀dù lé e.

"Aṣọ lo fẹ́ lọ̀ ni?" ni Ọlálérè wí. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Kafilat tẹjú mọ́ bọ́ọ̀dù náà. Ó dúró títí ooru fi wọ inú bàbà náà dáadáa, kí ó tó tún fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i láti òkè. Òjé bẹ̀rẹ̀ sí í dán, ó sì yọ́. Ó fi ẹ̀mú yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì náà, ó fi tuntun sí i, ó sì jẹ́ kí ó tutù. Kò sí ibi kan tí ó jó.

Ẹ̀rín ti tán. Israel gbé bọ́ọ̀dù náà, ó yí i padà, ó sì wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa. Ó gbé e kalẹ̀.

"Ó ti ṣe é," ni Limota wí fún ọkọ rẹ̀ ní èdè Ọ̀kà.

Ọlálérè ń wo áyọ́ọ̀nù. "Ta ló ni í?"

"Àǹtí Bridget ni, sà."

"Ṣé mo rán ọ lọ tọrọ rẹ̀?"

"Rárá, sà."

"Ọmọ iṣẹ́ mi dìde níwájú àwọn ẹgbẹ́ mi láìgbàyè, ó lọ ń tọrọ irinṣẹ́ lọ́wọ́ aránṣọ, bí ẹni pé ọ̀gá rẹ̀ kò ní nǹkan. Bàbá Kafilat, ṣé bí ẹ ṣe tọ́ ọ nílé nìyí?"

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ gbé àwo iná pamọ́," ni Kafilat wí. "Mo rí i lẹ́yìn ọkọ̀ yín nígbà tí mò ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ Àǹtí Bridget."

Badmus dìde, ó sì gbá a létí.

"Ọ̀gá rẹ ni ò ń pè ní òpùrọ́?"

Limota yíjú sí Israel. "Alága, ẹ̀yin náà rí iṣẹ́ yẹn. Ẹ sọ nǹkan."

"Ìyá, ọ̀gá ló ni ọmọ iṣẹ́," ni Israel dá a lóhùn.

Badmus dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sórí kọnkéré. Ó dàgbà ju Ọlálérè lọ dáadáa. Ọlálérè kò ní kí ó dìde. Ó ṣí móòtì kan, ó mu ún dé ìdajì.

"Ọmọdé ni, ọ̀gá. Ẹ forí jì í."

"Ọdún kan sí i. Kí ó fi kọ́ ẹ̀kọ́ ilé."

"A gbà, sà. A dúpẹ́."

Wọ́n bu ìrẹsì fún àwọn ọ̀gá, wọ́n jẹ ẹ́. Israel gbàdúrà fún Ọlálérè pé kí ó pẹ́ láyé. Kafilat dá áyọ́ọ̀nù padà, ó sì fọ àwọn abọ́.

Lójú Badmus, ẹ̀bẹ̀ náà kò tíì tó. Ó padà wá sí Ìkàrẹ́, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù Ìwàrò lé Ọlálérè lọ́wọ́. "Ẹ máa lò ó títí ọdún náà á fi pé, sà, kí inú yín lè yọ́ sí i." Kò bi Kafilat, kò sì bi Limota. Ọlálérè gba kọ́kọ́rọ́ náà.

Ó gbé pátákó tí ó ní orúkọ rẹ̀ kọ́ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù náà, ó sì ní kí Kafilat lọ máa jókòó níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó gbé àwo iná lọ bá a. Bọ́ọ̀dù tí bàbà rẹ̀ nípọn, tí ó ti sú àwọn ọ̀gá mìíràn, ni wọ́n ń gbé wá bá a láti Ìṣùà àti Àrígìdì. Israel náà ti gbé méjì wá. Owó iṣẹ́ ń lọ sí Ìkàrẹ́. Limota kò bá ọkọ rẹ̀ jẹun mọ́.

Nígbà tí ọdún náà pé, Badmus lọ rán Ọlálérè létí. Ọlálérè ní ìgbéraga kò tíì kúrò lójú ọmọ náà. Badmus dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì padà sí Ọ̀kà. Ọdún kejì ti kọjá. Kafilat kò tíì gba fírídọ̀mù.